Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Wọn Ikùn

Ìyàndá kò sanra rí láyé rẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí ó ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ ní Gawon Nama, nínú ìlú Sókótó, síbẹ̀ bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tí ó dé náà ni ojú ṣì ń rí i: ọrùn gígùn, apá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ tí ṣòkòtò ń mì lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Àwọn Hausa tí ó ń rán kàfùtánì fún a máa pè é ní Malam Siriri, ìyẹn Málàámù Tẹ́ẹ́rẹ́, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Lójú tirẹ̀, ìlera ni wọ́n ń kì í fún. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Babbar Kasuwa, ọjà ńlá ìlú náà, òun ń ra òwú àti bọ́tìnnì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni, kò sì rántí ìgbà tí ó wọ ilé ìwòsàn kẹ́yìn nítorí ara rẹ̀.

Bàṣírátù ìyàwó rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fi díẹ̀ ga jù ú lọ, èjìká rẹ̀ gbòòrò, apá rẹ̀ ki. Búrẹ́dì ni ó ń ṣe. Ẹ̀yìn ilé wọn ní Kasarawa ni ó kọ́ ààrò rẹ̀ sí, òun àti Yahya, ọkùnrin Hausa kan tí ó ti bímọ mẹ́rin, ni wọ́n sì jọ ń po fúláwà níbẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Bí wọ́n bá já àpò fúláwà sílẹ̀, Yahya á di etí kan mú, Bàṣírátù á di etí kejì mú, wọ́n á gbé e wọlé. Lọ́jọ́ tí Yahya bá pẹ́ dé, Bàṣírátù kì í dúró dè é. Á gbá àpò náà mọ́ra, á gbé e lọ bí ẹni gbọ́mọ.

Lẹ́yìn Iléyá ni ọ̀rọ̀ ọ̀rá wọ àárín tọkọtaya yìí. Ìyàndá lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà lórí ibùsùn. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan, itọ́ ń kán níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń fi aṣọ nù ún. Obìnrin tí ó sanra gan-an ni. Gbogbo ẹni tí ó wá kí i ni ó ń sọ ọ́ bí wọ́n bá ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ọ̀rá ló ṣe é. Ìyàndá gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ó jókòó sínú ọkọ̀ tí ń padà sí Sókótó, ojú Bàṣírátù ni ó ń rí lórí ibùsùn yẹn, láti Jẹ́bà títí ọkọ̀ fi wọ ìlú.

Ọjọ́ kejì tí ó dé ni ó pe ìyàwó rẹ̀ jókòó.

"Ìyá Kàmál, ó yẹ kí o dín ara kù."

Kàmál ni àkọ́bí wọn, ó wà ní yunifásítì ní Ìlọrin.

Bàṣírátù wo ara rẹ̀. "Kí ló ṣe ara mi, Bàbá Kàmál? Kò sí ibi tó ń dùn mí."

"Aya bọ̀dá náà kò mọ ibi tó ń dùn ún, títí ó fi ṣubú."

Ó wá sọ ohun tí ó rí fún un, ó sọ ọ́ pátá, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n díẹ̀. Ohùn yẹn ni Bàṣírátù gbọ́ràn sí lẹ́nu ju ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí ó ti rí i kẹ́yìn pé ẹ̀rù ba ọkọ rẹ̀. Ó ní kí ló wá fẹ́ kí òun ṣe. Ìyàndá ní kó má jẹ nǹkan kan láàárọ̀, kó jẹ ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ lọ́sàn-án, kó mu ògì tí kò ní wàrà bí wọ́n bá kírun ìrọ̀lẹ́ tán. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ náà ni ó ń rò ó.

Obìnrin náà ṣe é. Ó ń ṣe búrẹ́dì láti àárọ̀ títí oòrùn fi mú, òórùn rẹ̀ ń gba imú rẹ̀ wọlé, kò sì bù ú kan ẹnu. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Ìyàndá mú búbà rẹ̀ méjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì dín wọn níhà méjèèjì. Ínṣì kan àtààbọ̀ ni ó gbé kúrò. Ó pe Fàrúkù tí ń ta tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kó wá wo aṣọ tí ó gé kúrò lára wọn. Fàrúkù wò ó, ó ní mashallah, ó sì gbé ife tíì fún un. Ife kẹta rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ife mẹ́rin ni Ìyàndá ń mu lójúmọ́, mílíìkì inú agolo nípọn nínú rẹ̀, ṣúgà ṣíbí mẹ́ta-mẹ́ta, pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ́tà pa. Ìdí máṣíìnì ni ó ti ń mu ún. Kẹ̀kẹ́ NAPEP ń gbé e láti ẹnu ọ̀nà ilé lọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, òmíràn a sì gbé e padà.

Bàṣírátù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ń rẹ òun. Ìyàndá ní ọ̀rá ló ń jáde, kó fara dà á. Bàṣírátù ní òtútù ń mú òun nídìí ààrò. Ìyàndá ní òjò ló ń rọ̀. Nígbà tó yá, obìnrin náà kò sọ nǹkan kan mọ́.

Ọjọ́ Ajé kan, aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù, fóònù Ìyàndá dún. Yahya ni. Ó ní Hajiya, bí ó ti máa ń pe Bàṣírátù, gbé páànù búrẹ́dì, ó ń lọ sídìí ààrò, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì ṣubú. Òun ti fi omi ṣúgà sí i lẹ́nu, ó ti lajú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara. Ìyàndá fi kàfùtánì oníkàfùtánì sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sáré jáde. Láàárín ọ̀nà, kò lè ka àdúrà kankan parí. Ó dá a lójú pé rọpárọsẹ̀ ni.

Kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Dókítà ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n gbé e lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ga. Ó gún ìka rẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sì ní kí wọ́n wá oúnjẹ fún un. Nígbà tí ó jẹ ẹyin méjì àti iṣu tán, ojú rẹ̀ là.

"Ebi ni," ni dókítà wí. "Ẹ lọ rí Nọ́ọ̀sì Latifah ní yàrá ìkẹyìn. Òun ló mọ̀ nípa oúnjẹ."

Ọmọ Ìlọrin ni Latifah, Sókótó ni wọ́n bí i sí, kò sì tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó béèrè ohun tí Bàṣírátù ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò pẹ́ tí ìwé rẹ̀ fi parí, nítorí kò sí nǹkan púpọ̀ láti kọ.

"Ta ni ó ní kí ẹ máa jẹun báyìí, Mọ́mì?"

Bàṣírátù wo ilẹ̀.

"Èmi ni," ni Ìyàndá wí.

Latifah kò bá a jà. Ó ní kí Bàṣírátù máa jẹun bó ṣe yẹ, kí wọ́n sì padà wá láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ó má tíì jẹ, kí ó má tíì mu, kí òun lè wọn ara rẹ̀. Ó ní òun kò ní wọ̀n ọ́n lónìí nítorí omi tí wọ́n fà sí i lára, ẹ̀rọ náà á pa irọ́. Ó tún béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti wọ̀n ọ́n rí. Bàṣírátù rántí pé ṣáájú Iléyá, ẹgbẹ́ obìnrin mọ́ṣáláṣí wọn pe àwọn elétò ìlera wá, wọ́n sì fún òun ní káàdì kan. Latifah ní kó mú un bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn méjèèjì gbéra lẹ́yìn ìrun àfẹ̀mọ́júmọ́, láìfi nǹkan kan ẹnu. Ẹ̀rọ náà rí pẹlẹbẹ, ó ní irin mẹ́rin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ àti ọwọ́ kan tí wọ́n so mọ́ wáyà. Latifah ní kí Bàṣírátù bọ́ bàtà, kí ó gòkè, kí ó di ọwọ́ irin náà mú.

"Iná díẹ̀ ló máa gba inú ara yín kọjá, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. Omi pọ̀ nínú iṣan, iná máa ń tètè gbabẹ̀. Ọ̀rá kò lómi púpọ̀, ó máa ń dí iná lọ́nà. Ohun tí ẹ̀rọ bá rí ló fi ń ṣírò. Kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n délẹ̀délẹ̀ o. Ó lè fi díẹ̀ ṣì í. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wọ̀n ọ́n lákòókò kan náà, lọ́nà kan náà, a ó mọ ibi tí ara ń lọ."

Nọ́ńbà yọ. Latifah gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì àtijọ́.

"Ṣáájú Iléyá, kílò méjìdínláàádọ́rùn-ún. Lónìí, méjìlélọ́gọ́rin. Kílò mẹ́fà ti lọ."

Ìyàndá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, Bàbá. Ẹ wo èyí." Ó fi bírò tọ́ka. "Nígbà yẹn, nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ara Mọ́mì, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ọ̀rá. Lónìí, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni."

"Ó ti rù, ọ̀rá rẹ̀ wá lé sí i?"

"Ọ̀rá kọ́ ló lọ ni. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, ọ̀rá tó lọ kò ju bí kílò kan lọ. Márùn-ún ìyókù, omi ni, iṣan ni. Ara tí ebi ń pa máa ń jẹ iṣan rẹ̀. Mọ́mì, ṣé ẹ ṣì ń gbé fúláwà?"

"Mi ò lè gbé e mọ́," ni Bàṣírátù wí. "Ó ti tó oṣù kan. Yahya ló ń dá a gbé."

Ìyàndá yíjú sí i. Kò gbọ́ èyí rí.

Latifah wá tú ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Ó ní ọ̀rá kì í ṣe ẹ̀gbin tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbá dànù tán, òun ló ń bo àwọn nǹkan inú, òun ló ń gbé agbára pamọ́, bí ó bá sì kéré jù lára obìnrin, nǹkan oṣù rẹ̀ pàápàá lè dúró. Obìnrin máa ń ní in ju ọkùnrin lọ nítorí oyún àti ọmú. Obìnrin tó bá wà ní ọjọ́ orí Bàṣírátù, bí ó bá ní láti mẹ́tàlélógún sí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, kò burú. Ti ọkùnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ Ìyàndá, láti mọ́kànlá sí méjìlélógún ni. Ó ní Bàṣírátù ti súnmọ́ ẹnu ààlà nígbà náà lóòótọ́, ikùn rẹ̀ sì fi díẹ̀ tóbi jù, ó yẹ kí wọ́n ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, iṣan rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ obìnrin tí ń wá síbẹ̀ lọ. Ìyẹn ló mú kí ìwọ̀n rẹ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀.

"Aya ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?" ni Ìyàndá bi í. "Ọ̀rá ni wọ́n ló gbé e ṣubú."

"Ṣé wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò tẹ́lẹ̀? Ṣé wọ́n ń lo oògùn?"

Ìyàndá kò mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọ̀rá lè wà nínú ẹjọ́ náà," ni Latifah wí, "ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ òun nìkan. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Rárá. A kàn gbéra ni."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà yín."

Ìyàndá bọ́ ọ bí ẹni tí ń ṣe ojúure fún ọmọdé. Ẹ̀rọ ní kílò méjìdínláàádọ́rin, Latifah wo gíga rẹ̀ lára ògiri, ó ní ìwọ̀n yẹn bá gíga rẹ̀ mu dáadáa. Ìyàndá mi orí. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà kejì yọ: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

"Ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́," ni ó wí.

Latifah ní kó sọ̀kalẹ̀, ó pa á, ó tún tàn án. Ìyàndá tún gòkè. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Latifah kò jiyàn. Ó fa tépù yọ, ó tọrọ gáfárà, ó fi ìka wá egungun ìhà rẹ̀ tó kẹ́yìn, ó wá orí egungun ìbàdí, ó sì gbé tépù sí àárín méjèèjì. Ó ní kó mí jáde. "Ínṣì méjìdínlógójì."

Ìyàndá rẹ́rìn-ín wàyí, nítorí ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí òun ti jẹ́ ọ̀gá. "Ọmọ mi, iṣẹ́ mi nìyẹn. Láti kékeré ni mo ti ń wọn ènìyàn. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Èmi ni mo ń rán ṣòkòtò mi." Ó gba tépù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi yí ìsàlẹ̀ ikùn, níbi tí okùn ṣòkòtò rẹ̀ wà, ó sì nà án sí i. "Ẹ wò ó. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

Latifah wò ó. "Òótọ́ ni, Bàbá. Ibẹ̀ ni ṣòkòtò ń gbé. Ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rá ń gbé."

Bàṣírátù kọjú sí ògiri kí ọkọ rẹ̀ má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀.

Latifah ní ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ, tí ènìyàn lè fi ọwọ́ fà, kì í fi bẹ́ẹ̀ da àwọn láàmú. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, ni àwọn ń ṣọ́, ó sì lè wà lára ẹni tí apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fẹ́ gún ìka Ìyàndá wo ṣúgà. Ìyàndá ní kò sí ohun tó ń ṣe òun, ó wọ bàtà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà kò fi ipá mú un. Ó kàn sọ fún un pé bí kò bá gba ẹ̀rọ gbọ́, kó fi okùn wọn gígùn rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kó ṣẹ́ okùn náà sí méjì, kó fi yí ikùn ká ní ọ̀gangan ìdodo. Bí orí okùn méjèèjì bá pàdé, kó wá bá òun rẹ́rìn-ín.

Nínú kẹ̀kẹ́, Ìyàndá ní àwọn ẹ̀rọ China yìí, kò sí èyí tó ń sọ òótọ́ nínú wọn.

Kẹ̀kẹ́ yà sí ọ̀nà Kasarawa. Bàṣírátù sọ pé, "Bí ẹnìkan bá ní òun máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò sì fi nǹkan kan lé e. Láàárín ọdún mẹ́tàlélógún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí.

Ìyàndá gbé ọ̀rọ̀ náà kiri fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ọjọ́ Sátidé, Alhaji Àúdù, oníbàárà rẹ̀ kan tí ó níkùn, wá wọn kàfùtánì tuntun. Ìyàndá fi tépù yí ikùn rẹ̀ ní ibi tí ó ti yọ jù, bí ó ti máa ń ṣe, nítorí bí kàfùtánì kò bá gba ibẹ̀ kọjá, kò níí wọ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó ṣe ń kọ ọ́ ni ó dúró. Gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ní ojú ewé nínú ìwé náà. Òun kò ní. Ṣòkòtò olókùn ni ó ń rán fún ara rẹ̀ àti jáńpá tó fẹ̀, kò sì sí èyí tó lè fún un mọ́ra débi tí yóò fi mọ̀. Kò wọn ikùn ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń wọn ti Alhaji Àúdù rí.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun ọ̀sán, tí Fàrúkù àti àwọn tó kù lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó fa òwú gbọọrọ, ó fi ẹsẹ̀ tẹ orí kan mọ́lẹ̀, ó fà á dé àtàrí, ó gé e. Ó ṣẹ́ ẹ sí méjì. Ó ká ẹ̀wù sókè, ó fi òwú náà yí ikùn rẹ̀ ká. Orí méjèèjì kò pàdé. Ó mí jáde, ó tún fà á. Àlàfo tó wà láàárín wọn gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan pẹ̀lú àtàǹpàkò. Ó wo ikùn náà. Kò tóbi. Ó kàn rọ̀, ó yọ síwájú lókè okùn ṣòkòtò bí ẹ̀kọ tí ń yọ létí ewé. Ó ti ń rí i lójoojúmọ́, kò sì kà á sí.

Lọ́jọ́ Ajé, ó dá lọ sọ́dọ̀ Latifah láìjẹun, ó sì na ìka rẹ̀. Ṣúgà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́fà. Latifah ní kò yẹ kó tó ọgọ́rùn-ún, kò tíì di àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ó ti wà lójú ọ̀nà ibẹ̀, ó sì ṣeé dá padà.

"Kí n má jẹun láàárọ̀ mọ́?" ni Ìyàndá bi í.

"Ṣé ẹ ò rí ohun tí ebi ṣe fún Mọ́mì? Ẹ yọ ṣúgà kúrò nínú tíì yín, ẹ sì dín iye ife rẹ̀ kù. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ ẹyin, ẹ jẹ ẹja. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn. Ẹ sì wá nǹkan tó wúwo máa gbé, nítorí ohun tí ẹ kò ní ni iṣan. Ẹ̀yin kò nílò kí ẹ rù."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó fi pa á mọ́ra. Ó sọ fún Fàrúkù pé kó má fi ṣúgà sí tíì òun, ó sì parọ́ fún un pé eyín ló ń dun òun. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó tú ojú rírán àwọn búbà Bàṣírátù méjèèjì, ó dá wọn padà sí bí wọ́n ṣe wà, ó sì kó wọn lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́. Bàṣírátù ń họ ọpọ́n ìpofúláwà.

"Mo lọ yẹ ṣúgà wò," ni ó wí. "Ó ti ga. Nọ́ọ̀sì yẹn kò parọ́."

Bàṣírátù dá ọwọ́ dúró. "Báwo ló ṣe ga tó?"

Ó sọ fún un, ó sì sọ ohun tí Latifah ní kí òun máa ṣe. Lẹ́yìn náà ni ó gbé àwọn búbà náà sórí àpótí. "Ìyá Kàmál, mo ṣẹ̀ ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí, mo wá tìtorí ẹ̀rù mi fi ebi pa ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Ebi pa mí, Bàbá Kàmál," ni Bàṣírátù wí. "Mò ń fi ọwọ́ ara mi ṣe búrẹ́dì, mi ò sì lè jẹ ẹ́. Mo sọ fún yín pé ó ń rẹ̀ mí, ẹ ní ọ̀rá ló ń jáde."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀."

Bàṣírátù padà sídìí ọpọ́n rẹ̀, ó họ ọ́ títí ó fi mọ́, ó sì dojú rẹ̀ dé. Nígbà tí ó nàró, ó ní, "Yahya ń lọ sí abúlé wọn lọ́la, á lo ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n máa já fúláwà láàárọ̀. Ẹ dúró bá mi gbé e kí ẹ tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyàndá di etí àpò mú. Bí Bàṣírátù ṣe gbé ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ti Ìyàndá kò kúrò nílẹ̀ ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ààrò kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Apá Bàṣírátù náà kò tíì padà bọ̀ sípò tán, àwọn méjèèjì ń mí gúlegúle. Wọn kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì bá ara wọn jà. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyàndá gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yahya dé láti abúlé, Ìyàndá kò sì dẹ́kun. Ó ń dúró po fúláwà fún wákàtí kan láràárọ̀, lẹ́yìn náà á fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí oòrùn bá mú jù nírọ̀lẹ́, á wọ kẹ̀kẹ́ padà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ó fi ṣúgà sí tíì, á sì sọ fún Bàṣírátù.

Oṣù márùn-ún kọjá. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí wọ́n padà sọ́dọ̀ Latifah, eruku bo gbogbo ìlú, ètè àwọn méjèèjì sì ti là. Bàṣírátù kọ́kọ́ gòkè. Kílò márùnlélọ́gọ́rin. Ó ti wúwo sí i ju bí ó ṣe wà nígbà tí ó ṣubú, ọ̀rá rẹ̀ sì ti dín sí mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Ìyàndá, kílò kan péré ló kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá ti wálẹ̀ láti mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sí márùndínlọ́gbọ̀n. Latifah fi tépù yí ikùn rẹ̀ ká. Ìyàndá gbé apá sókè, ó mí jáde kí wọ́n tó sọ fún un. Mẹ́rìndínlógójì. Ṣúgà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún.

"Ó kù díẹ̀," ni Latifah wí. "Ẹ má dúró."

"Fàrúkù ní mi ò rù rárá," ni Ìyàndá wí.

"Kò lè rí i. Inú ló wà."

Bí wọ́n ṣe jáde, ebi ń pa wọ́n, nítorí wọn kò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Obìnrin kan ń dín kòsé, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́bàá ọ̀nà, èéfín rẹ̀ ń bá ọyẹ́ lọ. Bàṣírátù dúró, ó ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì onípákó, obìnrin náà bu kòsé gbígbóná sórí ìwé fún wọn, ó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kókó, ògì gbígbóná tiwọn. Bàṣírátù ní kó bu ọ̀kan tó ní ṣúgà àti ọ̀kan tí kò ní. Ó jẹ kòsé mẹ́ta, ó ronú díẹ̀, ó sì tọrọ ẹ̀kẹrin. Ìyàndá na ọwọ́ gba ẹ̀kẹrin náà lọ́wọ́ obìnrin oníkòsé, ó gbé e fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn sí kókó tirẹ̀ kó lè tutù.